Ṣé "To whom did you give it?" ló tọ́ ju "Who did you give it to?" lọ?

Rárá o. Méjèèjì ló tọ́, ṣùgbọ́n èkejì ni àwọn tó ni èdè Gẹ̀ẹ́sì máa ń sọ lẹ́nu. Tí o bá bi ọ̀rẹ́ rẹ ní ti àkọ́kọ́, á dà bíi pé lọ́yà ló ń bi í léèrè ní kóòtù. Láti ọdún 1672 ni akéwì John Dryden ti bu ẹnu àtẹ́ lu fífi ọ̀rọ̀ bíi "from" tàbí "to" parí gbólóhùn, àwọn olùkọ́ kan sì sọ ọ́ di òfin. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà ọ́. Nínú lẹ́tà sí iléeṣẹ́ ìjọba, "whom" ṣì bójú mu. Tí "to" bá sì ti ṣíwájú, "whom" ni kó tẹ̀ lé e, "To who did you give it?" kì í dùn létí.