Owó ìpínlẹ̀ nìkan kò tó láti fi mọ̀ bóyá ara tu ará ìlú

Ẹ̀gbọ́n wa tó béèrè bóyá iye owó tó ń wọ àpò ìpínlẹ̀ tó láti fi sọ pé ara tu àwọn tó ń gbé ibẹ̀, ìdáhùn mi ni pé kò tó rárá. Mo ti ṣe iṣẹ́ ìwádìí láti ojúlé dé ojúlé rí, ojú mi sì rí nǹkan.

Ẹ wo Bayelsa. Ibẹ̀ ni Oloibiri wà, níbi tí wọ́n ti rí epo rọ̀bì lọ́dún 1956, ó sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí òfin ní kí wọ́n máa pín ìdá 13 nínú 100 owó epo, ó kéré tán. Síbẹ̀, nígbà tí àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ gbé àbájáde ìwádìí lórí òṣì jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, nǹkan bí 88 nínú 100 ará Bayelsa ni òṣì ń bá fínra, nígbà tí ti Oǹdó jẹ́ nǹkan bí 27, òun ló sì kéré jù ní gbogbo Nàìjíríà. Kì í ṣe owó ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, bí kò ṣe ìlera, ẹ̀kọ́, omi, ohun ìdáná, iṣẹ́ àti ààbò.

Àmọ́ ìbéèrè gan-an lè tan ènìyàn jẹ. Nílé kan tí mo wọ̀, mo rí ẹ̀rọ omi lẹ́yìnkùlé, mo sì fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ní omi. Ìyá àgbà tó ń koná mọ́ igi nídìí àdògán dìde, ó fà mí lọ́wọ́, ó sì ṣí ẹnu ẹ̀rọ náà lójú mi: eruku ìpẹtà ló dà sí wa lọ́wọ́. Ó ní, “Ọmọ mi, ọdún kẹta rèé.” Mo ti kọ “bẹ́ẹ̀ ni” nílé mọ́kànlá kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo padà sí gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin péré ni omi ń yọ nínú wọn.

Láti ọjọ́ náà, ohun tí mo ń béèrè ni ìgbà tí omi yọ kẹ́yìn, àti ẹni tó pọn èyí tí wọ́n lò láàárọ̀. Ìbéèrè kejì yìí ló jẹ́ kí n mọ̀ nípa àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n fi orúkọ wọn sílẹ̀ nílé ìwé, ṣùgbọ́n tí wọ́n máa ń dé kíláàsì lẹ́yìn tí iṣẹ́ méjì ti kọjá, nítorí pé odò jìnnà. Bí ẹ bá fẹ́ wọn ìpínlẹ̀ tiyín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ìwé owó rẹ̀ kalẹ̀, kí ẹ sì ka iye irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.