Ẹ Bi Wá, Ẹ Gbọ́: Iná H4 Tàn, Táyà Iwájú Kò Yí

Ẹ kú iṣẹ́ o. Hilux 1994 tí mo fi ń kó gbágùúdá wọ Ìbàdàn há sínú ẹrẹ̀. Mo yí họ́ọ̀bù méjèèjì, ohun yíyí ojú táyà iwájú tó ń so táyà mọ́ sáfútù, sí LOCK (kó so pọ̀), mo fa gíà sí H4 (kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa fà), iná rẹ̀ tàn, síbẹ̀ táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń yí. Mekáníìkì ní àfi ká tú gíà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?
Àgbẹ̀ kan, Lálúpọn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n tú u. Iná yẹn kò mọ ohunkóhun nípa táyà. Ohun tó ń sọ kò ju pé gíà ti wọ H4. Agbára ṣì ní láti gba inú pùròpẹ́là iwájú (irin gígùn tó ti ibi gíà wá), diff (èyí tó ń pín agbára fún táyà ọ̀tún àti òsì) àti sáfútù (irin tó lọ síbi táyà kọ̀ọ̀kan) kọjá kó tó kan họ́ọ̀bù. Họ́ọ̀bù ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, torí òun ni ẹrẹ̀ ń bá jà.

Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ líle tó tẹ́jú, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ fa háńdíbíréèkì, ẹ fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn. Ẹ dá gíà padà sí H2 (táyà ẹ̀yìn nìkan). Ẹ fi jáàkì gbé táyà iwájú kan, kí họ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní LOCK. Ẹ fọwọ́ yí táyà náà, kí ẹ sì máa wo sáfútù ẹ̀yìn rẹ̀, èyí tí rọ́bà bò lórí. Bí táyà bá ń yí tí sáfútù dúró sójú kan, họ́ọ̀bù ló kọṣẹ́. Ẹ wo ìkejì bákan náà: bí ọ̀kan péré bá kọ̀, iwájú kò ní fà rárá, torí ibi tó fúyẹ́ ni diff ń darí agbára sí.

Bí méjèèjì bá dáa, ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ẹ yí họ́ọ̀bù sí FREE (kó yọ kúrò lára sáfútù), ẹ fi ẹfun fàmì sára pùròpẹ́là iwájú, ẹ fa gíà sí H4. Kí ẹlòmíràn rọra wà á síwájú díẹ̀, kí ẹ̀yin dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ máa wo àmì náà. Bí kò bá yí, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ kan transfer, ìyẹn gíà tó ń pín agbára fún iwájú àti ẹ̀yìn.

Láti tún họ́ọ̀bù ṣe, ẹ yí i sí FREE, ẹ tú bóòtì 6 ojú rẹ̀, ẹ fa ìdérí jáde. Ẹ ó bá gíríìsì tó ti gan bí ọṣẹ dúdú. Òun ni kì í jẹ́ kí eyín wọnú ara wọn. Ẹ fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, kó gbẹ, kí ẹ fi gíríìsì pa eyín rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tó bá rọ ọ́ kún ti dá wàhálà padà nìyẹn. Ẹ pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì, kí ìdérí sì wà ní FREE bí ẹ ṣe ń dá a padà. Bí eyín bá ti jẹ, ẹ mú ògbólógbòó dání lọ sí Gate, ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ n'Íbàdàn, kí ẹ ka eyín rẹ̀ àti ti èyí tí ẹ fẹ́ rà kí ẹ tó sanwó.

Gíà mi kì í fẹ́ kúrò ní H4 lórí ọ̀dà, sítíárìn sì máa ń le.
Awakọ̀, Mọ́níyà

Kò bàjẹ́. Ní kọ́nà, táyà iwájú ń rìn jìnnà ju tẹ̀yìn lọ. Lórí ẹrẹ̀, táyà a yọ̀, ìyàtọ̀ náà a tán. Ọ̀dà kì í jẹ́ kó yọ̀, ni irin inú gíà bá ń fún ara wọn. Ẹ fi rífáàsì padà sẹ́yìn ní tààrà bíi mítà 3 sí 5, yóò tú. Bó bá ń le lójú ọ̀nà tààrà náà, ẹ fi okùn wọn àyíká táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tòkunbọ̀ tí kò dọ́gba ló sábà máa ń fà á.

Tèmi kò ní ohun tí à ń yí lójú táyà. Ibo ni kí n wò?
Òǹkàwé, Ọ̀jọ́ọ̀

Ẹ wo àwọn hóòsì rọ́bà tín-ín-rín tó lọ síbi diff iwájú. Níbi tí wọ́n bá wà, afẹ́fẹ́ tí a ń fà gba inú wọn ló ń so sáfútù pọ̀. Bí rọ́bà bá ti sán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohun mìíràn.