Ta ló ń san gbèsè ẹ̀ṣẹ̀ olówó nínú The Great Gatsby?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ọmọbìnrin mi wà ní kíláàsì 11 níbí ní Houston, The Great Gatsby ni wọ́n sì ń kà. Tíṣà ní kí wọ́n kọ àròkọ lórí bí àwọn àmì inú ìwé náà ṣe fi ipò àti ìwà ẹ̀dá hàn. Mo ṣí i wò: ọtí, àgbèrè, àríyá òru. Ṣé ohun tó yẹ kí ọmọ ọdún 16 máa kà nìyí? Báwo ni kí n ṣe ràn án lọ́wọ́?

Èsì: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ̀gbọ́n mi. Maryland níbí ni ọmọkùnrin tèmi ti kà á, èmi náà sì bá a kà á dópin. Ẹ jẹ́ kó kà á. Àgbèrè wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kà á tán kò ní fi ayé àwọn èèyàn yẹn ṣe àwòkọ́ṣe.

Ọdún 1925 ni F. Scott Fitzgerald gbé e jáde. Long Island, lẹ́bàá New York, ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀ ní 1922, nígbà tí òfin Amẹ́ríkà ka ọtí títà léèwọ̀. Gatsby, ọmọ àgbẹ̀ tí kò rí jájẹ ní North Dakota, wà lára àwọn tí ọtí èèwọ̀ yẹn sọ di olówó.

Ilẹ̀ ni kí ọmọ yín kọ́kọ́ wò. East Egg ni Tom àti ìyàwó rẹ̀ Daisy, tí wọ́n bá owó nílé, ń gbé. Àwọn olówó tuntun bíi Gatsby wà ní West Egg, lódìkejì omi. Láàárín ibẹ̀ sí New York ni àfonífojì eérú wà, níbi tí George Wilson ti ń tún mọ́tò ṣe, tí eérú sì bò ó látorí dé ẹsẹ̀.

Iná aláwọ̀ ewé ń tàn ní èbúté ilé Daisy. Gatsby ń nawọ́ sí i lóru. Daisy, olólùfẹ́ rẹ̀ àtijọ́, ló ń wá, ó sì tún ń wá ipò tí wọ́n bí Daisy sí. Ó kó ìwé kún yàrá ìkàwé rẹ̀; ojúlówó ìwé ni, àmọ́ kò sẹ́ni tó tíì la ojú ewé wọn. Owó rẹ̀ kò sì sọ ọ́ di ọ̀kan lára àwọn ará East Egg. Tom fọ́ imú àlè rẹ̀, Myrtle ìyàwó Wilson, níṣojú àlejò, síbẹ̀ òun náà ló ń bẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ tí Gatsby ń ṣe.

Ibi tí mo fẹ́ kó dúró pẹ́ sí ni ojú Dókítà T. J. Eckleburg, ní orí 2 àti orí 8. Pátákó ìpolówó ni: ojú búlúù ńlá méjì nínú jígí aláwọ̀ ìyeyè, tí ọ̀dà ti ṣí lára rẹ̀. Nígbà tí mọ́tò pa Myrtle ìyàwó Wilson, Wilson tẹjú mọ́ pátákó náà, ó ní Ọlọ́run ń rí ohun gbogbo. Aládùúgbò rẹ̀ ní ìpolówó lásán ni. Ọ̀pọ̀ ló máa ń kọ ọ́ pé Ọlọ́run ni ojú yẹn. Èmi kò gbà. Ohun tó dùn mí ni pé tálákà nìkan ló rí Ọlọ́run níbẹ̀. Tom àti Daisy ń gba abẹ́ ojú kan náà kọjá, kò sì kàn wọ́n.

Daisy ló wa mọ́tò Gatsby tó pa Myrtle. Tom darí Wilson sí Gatsby. Wilson yìnbọn pa Gatsby, ó sì pa ara rẹ̀. Tom àti Daisy di ẹrù wọn, wọ́n bá tiwọn lọ. Èrò tó ń jẹ tó ń mu nílé Gatsby, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó wá síbi ìsìnkú rẹ̀ nínú wọn.

Ta ló ṣẹ̀, ta ló kú? Kó fi ìbéèrè yẹn bẹ̀rẹ̀ àròkọ rẹ̀, kó sì fi ilẹ̀, iná àti ojú yẹn dáhùn. Kó má fo orí 9 o. Bàbá Gatsby mú ìwé tí ọmọ rẹ̀ kọ nǹkan sí ní 1906 wá: kí ó máa jí ní aago 6, kí ó máa tọ́jú owó, kí ó sì túbọ̀ máa ṣe dáadáa sí àwọn òbí rẹ̀. Ẹ ní kó ka ojú ìwé yẹn sókè fún yín, kí ẹ sì bi í léèrè ibi tó rò pé ọmọ yẹn ti ṣìnà.