Cox .049 tó ń ta tó tún ń kú: ẹ yẹ ewé ẹ̀yìn rẹ̀ wò

Àbúrò mi ará Ṣàgámù, o ní Cox .049, ẹ́ńjìnnì kékeré fún ọkọ̀ òfuurufú àfiṣeré, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ láti Amẹ́ríkà máa ń ta bí o bá ti kán epo sí i lójú èéfín, á han fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, á sì kú. O ní nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹ̀yìn ló ń yí sí. O ti yí abẹ́rẹ́, ìyẹn súkúrù tó ń díwọ̀n epo tó ń wọlé, títí ó fi sú ọ. Jọ̀ọ́, fi abẹ́rẹ́ yẹn lọ́rùn sílẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì tó bá lè jó epo tí a kán sí i, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ dáa, kọ̀mpúréṣàn rẹ̀ náà dáa. Kò kàn rí epo fà fúnra rẹ̀ ni. Ewé tín-ín-rín kan wà lẹ́yìn, láàárín táńkì àti ilé kíráǹkì. Bí písítìn bá ń gòkè, ewé á ṣí, epo àti afẹ́fẹ́ á wọlé. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, ewé á padé. Fọ́nrán àkísà kan ṣoṣo tó há sábẹ́ rẹ̀ ti tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Àmọ́ ohun tí mo máa ń bá jù nínú èyí tó ti pẹ́ nínú páálí ni òróró lárà inú epo rẹ̀ tó ti gbẹ bí oje igi, tó sì ti lẹ ewé mọ́lẹ̀.

Tú táńkì, rẹ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì sínú methanol, ọtí olóró tó wà nínú epo rẹ̀, mọ́júmọ́, kí o rọra yọ wáyà róbótó tó dá ewé dúró. Ewé gbọ́dọ̀ pẹlẹbẹ, kó máa yí fàlàlà lábẹ́ wáyà yẹn. Bó bá ti tẹ̀, má fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ padà, òmíràn ni kí o wá. Fi ọ̀pá róbà oníhò sí ojú ihò tó ń fa epo: bí o bá fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, kó kọjá, bí o bá fà á, kó dí gbọnin. Fọ gbogbo rẹ̀ kó tó kan ẹnu rẹ o! Methanol ló wà nínú ògógóró tó pa èèyàn ní Òde-Ìrèlè lọ́dún 2015.

Bí o bá ń dá táńkì padà, wo gásíkẹ́ẹ̀tì dáadáa, kí o sì máa fún súkúrù lókọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó bá jò wọlé níbẹ̀ máa ń ṣe bí ewé tó bàjẹ́ gẹ́lẹ́.

Ti yíyí sẹ́yìn, kì í ṣe àìsàn. Ewé ò mọ apá ibi tí kíráǹkì ń yí sí. Fi igi ta fáànù iwájú rẹ̀ sẹ́yìn, yóò ta padà síwájú.

Má gbé e fún mẹkáníìkì jẹnẹrétọ̀. Wọ́n mọṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n páláyà ni wọ́n máa kọ́kọ́ nawọ́ mú, pẹtirólù ni wọ́n sì máa bu sí i. Púlọ́ọ̀gì yìí kì í tan iná bíi ti ọ̀kadà. Wáyà platinum inú rẹ̀ àti methanol ló jọ ń ṣiṣẹ́. Bátìrì 1.5 fóòlù ló ń fẹ́. Bátìrì ọ̀kadà 12 fóòlù á jó wáyà náà lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ṣí abẹ́rẹ́ ní ìyípo mẹ́ta sí mẹ́rin, jẹ́ kó máa wúkọ́ lùkúlùkú, kí o wá máa tì í díẹ̀díẹ̀ títí ohùn rẹ̀ á fi dán. Ibẹ̀ kọ́ ni wàá dúró o: ṣí i padà ní ṣíńṣín, torí bí ọkọ̀ bá gbéra, epo á tún dín sí i.