Kí ni S tó wà nínú orúkọ Ọ̀gágun Grant?

Ìbéèrè: Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n fún ọmọ mi ọkùnrin tó ń kàwé ní Chicago ní iṣẹ́ àṣetiléwá lórí Ọ̀gágun Ulysses S. Grant. Ìwé kan pè é ní Hiram Ulysses, òmíràn ní Ulysses Simpson. Ṣé ẹnì kan náà ni? Èwo ni kí ó kọ?

Ìdáhùn: Ẹnì kan náà ni, Màmá. Kí ó kọ Ulysses S. Grant, kó sì fi S náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Grant fúnra rẹ̀ sọ pé kò dúró fún nǹkan kan.

Hiram Ulysses ni àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i ní Ohio ní 1822. Ní 1839, aṣòfin tó bá a wá àyè sí West Point, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun, kò mọ orúkọ ọmọ náà délẹ̀. Ó fi Ulysses ṣáájú, ó wá fi S tẹ̀ lé e, ó jọ pé láti ara Simpson, orúkọ ilé bàbá ìyá Grant, ló ti mú un. Simpson gidi mà wà nílé, àbúrò Grant ni! Grant ní kí wọ́n tún un ṣe, wọ́n ní ohun tó wà nínú ìwé làwọn mọ̀. Ẹni tí wọ́n bá ti ṣi orúkọ rẹ̀ kọ sórí ìwé-ẹ̀rí rí yóò mọ bó ṣe ń rí.

Àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ rí "U. S. Grant", wọ́n ní Uncle Sam, ìnagijẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ló dé, bó ṣe di Sam lẹ́nu wọn nìyẹn. Ní oṣù Kejì 1862, nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà láàárín Àríwá àti Gúúsù, Grant tó ń jà fún Àríwá ká àwọn ọmọ ogun Gúúsù mọ́ Fort Donelson, odi ológun kan ní Tennessee. Ọ̀gá wọn béèrè àdéhùn. Grant ní kò sí àdéhùn kankan, kí wọ́n túúbá lójú ẹsẹ̀. Àwọn tó túúbá lé ní 12,000. Ni àwọn èèyàn bá sọ U. S. di Unconditional Surrender, ìyẹn ìtúúbá láìsí àdéhùn.

Ibi tí mo fẹ́ kí ọmọ yín pẹ́ sí jù ni 1854 sí 1861, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fò. Grant ti ja ogun Mexico, ó ti dé ipò kápítéènì, ó wá kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó dáko nítòsí St. Louis, oko ò gbè é, ó ń ta igi ìdáná ní ìgboro. Ìdílé ìyàwó rẹ̀ lẹ́rú púpọ̀. Òun náà ní ọ̀kan, William Jones. Ì bá tà á fi yanjú ìṣẹ́ tó ń bá a fínra, ṣùgbọ́n ní 1859 ó kọ ìwé òmìnira fún un. Ní 1860, ó lọ ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù awọ bàbá rẹ̀ ní Galena, àwọn àbúrò rẹ̀ ló sì ń darí ibẹ̀.

Ogun abẹ́lé náà bẹ́ ní 1861. Ní 1865, ọ̀dọ̀ ọmọ ṣọ́ọ̀bù yìí ni Robert E. Lee, ọ̀gágun àgbà Gúúsù, ti wá túúbá ní Appomattox; ní 1869 Grant di Ààrẹ Amẹ́ríkà. Èyí wà nínú gbogbo ìwé, kó má fi ṣe gígùn.

Illinois tí ẹ wà náà ni Galena wà. Ilé tí àwọn ará ìlú fún un ní 1865 ṣì wà níbẹ̀, èèyàn lè wọlé wò ó. Bíi wákàtí mẹ́ta ni láti Chicago tí ẹ bá wakọ̀. Kí ó mú ìwé àti gègé dání.