Ihò Fóòmù Yìí Tóbi Ju Ẹ̀mú Mi Lọ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ sólà ni mo ń ṣe ní Òṣogbo. Orí òrùlé ni mo máa ń wà, ó sì ti sú mi kí n máa gbàgbé irinṣẹ́ sórí páànù àwọn oníbàárà. Mo ra fóòmù dúdú tó le díẹ̀ kí wọ́n lè gé ihò irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀, kí n lè tètè mọ èyí tí kò sí nínú àpótí mi. Mo to sípánà MC4 (èyí tí a fi ń de ẹnu wáyà sólà), mítà tí mo fi ń wọn iná, àti ẹ̀mú tí mo fi ń tẹ etí wáyà sórí tábìlì, mo yà wọ́n ní fọ́tò, mo sì gbé fọ́tò náà fún ọmọkùnrin kan tó ní ẹ̀rọ lésà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbígbóná gé nǹkan. Gígé náà mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n ṣe ni ẹ̀mú ń yí gbirigbiri nínú ihò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ mo fi bébà A4 sí ẹ̀gbẹ́ wọn nínú fọ́tò kó lè mọ ìwọ̀n. Ta ló jẹ̀bi, èmi àbí onílésà?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má bá ọmọ náà jà. Ibi tí o gbé bébà rẹ sí ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Bébà sùn pẹrẹsẹ lórí tábìlì. Etí ẹ̀mú kò sùn bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀mú tó ń tẹ etí wáyà a máa nípọn. Etí ọwọ́ rẹ̀ lè fi mílímítà 15 ga ju tábìlì lọ. Ohun tó bá sì súnmọ́ fóònù ló ń tóbi nínú fọ́tò. Ká ní o gbé fóònù sí sẹ̀ǹtímítà 30 lókè tábìlì: bébà jìnnà sí i ní mílímítà 300, etí ẹ̀mú jìnnà sí i ní 285 péré. Pín 300 sí ọ̀nà 285, kí o fi èsì rẹ̀ di ìlọ́po gígùn ẹ̀mú. Ẹ̀mú tó jẹ́ mílímítà 200 yóò di 210 àti ààbọ̀. Sẹ̀ǹtímítà kan gbáko ni lésà fi gé ju bó ṣe yẹ, bẹ́ẹ̀ òun gé ohun tí fọ́tò sọ fún un.

Jìnnà sí i. Gbé irinṣẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, gun àga tí kò mì, jẹ́ kí fóònù wà ní nǹkan bíi mítà 2 lókè, kí o wá fi súùmù fa àwòrán náà súnmọ́. Ní ìwọ̀n yẹn, ẹ̀mú 200 kan náà kò ní kọjá 201 àti ààbọ̀. Má fi ojú kámẹ́rà tí wọ́n kọ 0.5 sí yà á rárá. Èyíinì a máa na àwọn ohun tó wà létí àwòrán bíi rọ́bà. Kí o sì gbé bébà náà ga. Wá pákó pẹlẹbẹ tí gíga rẹ̀ bá ibi tí ẹ̀mú ti fẹ̀ jù dọ́gba, tẹ́ bébà sórí rẹ̀. Ọgbọ́n yìí nìkan ti yọ èyí tó pọ̀ jù nínú àṣìṣe náà kúrò, kódà bí o kò bá rí àga gùn.

Fóònù kò gbọdọ̀ dagun. Ọ̀pọ̀ fóònù a máa fi àmì àgbélébùú kékeré méjì hàn bí o bá da ojú wọn délẹ̀; jẹ́ kí méjèèjì wọnú ara wọn kí o tó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, wọn etí bébà lórí kọ̀ǹpútà. A4 jẹ́ mílímítà 210 sí 297. Bí etí gígùn kan bá gùn ju èkejì lọ nínú fọ́tò, tún un yà, má wulẹ̀ jókòó máa tún un ṣe.

Oòrùn ọ̀sán gangan kò dára, òjìji rẹ̀ le, kọ̀ǹpútà sì máa ń ka òjìji mọ́ ara irinṣẹ́. Abẹ́ ìbòòji ìta ló dùn jù, lórí bébà funfun.

Ti sípánà MC4 kò tó nǹkan. Ó pẹlẹbẹ, kò wúwo, nítorí náà gbé e lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kí wọ́n ṣe fotokópì rẹ̀ ní 100%. Tẹ́ náílọ̀n mímọ́ sábẹ́ rẹ̀ kó má baà ya gíláàsì oníṣẹ́.

Kí lésà tó kan fóòmù, gé páálí kan lákọ̀ọ́kọ́, kí o ki ẹ̀mú bọ inú rẹ̀. Àwọn oníkámẹ́rà tí mo ń ṣe àpótí fún a máa bẹ̀ mí pé kí ihò mọ́ nǹkan wọn lára pinpin. Mo máa ń kọ̀. Ààbọ̀ mílímítà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni mo ń fi sílẹ̀ fún fóòmù tó le, kí n wá gé ibi ìka ní fífẹ̀ mílímítà 25 sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹni tó ń fi èékánná yọ irinṣẹ́, kò ní tíì pé oṣù méjì tí yóò fi ṣíwọ́ dídá a padà síbẹ̀. Béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe fóòmù rẹ pẹ̀lú. EVA tí àwọn aránbàtà ń lò dára fún lésà. Bó bá jẹ́ PVC, irú ike tí wọ́n fi ń ṣe páìpù omi, kò gbọdọ̀ dé abẹ́ lésà láéláé, èéfín rẹ̀ máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró àti ẹ̀rọ jẹ́.

Tẹ́ fóòmù aláwọ̀ yẹ́lò sábẹ́ dúdú, kí àyè tó ṣófo lè máa pariwo. Àwọn tó ń tún ọkọ̀ òfurufú ṣe ni wọ́n mọ ìlò yìí jù. Ṣùgbọ́n àyè kì í lanu sọ̀rọ̀: lọ́dún 2024, àjọ ATSB tó ń wádìí ìjàǹbá ọkọ̀ nílẹ̀ Australia ròyìn ọkọ̀ òfurufú A380 kan tí irinṣẹ́ náílọ̀n tó gùn tó mítà 1.25 wà nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ó fò lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kí wọ́n tó rí i. Wọn kò bẹ̀rẹ̀ ètò wíwá irinṣẹ́ tó sọnù kí wọ́n tó fọwọ́ sí i pé kí ọkọ̀ máa lọ. Nítorí náà, wo inú àpótí rẹ kí o tó gbé àkàbà kúrò lára ògiri.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi, aránṣọ ni mí n'Íbàdàn, mi ò ní kọ̀ǹpútà. Mo fi pẹ́ńsù yí sísọ́ọ̀sì mi ká lórí bébà, ihò tí mo wá gé fún un sínú fóòmù fẹjú ní ibì kan, ó há ní ibòmíràn. Kí ni ṣíṣe?

ÌDÁHÙN: Ìyá mi, ẹ kú àárẹ̀. Pẹ́ńsù ni kò dúró sójú kan. Bí ẹ bá nà án ró ṣánṣán, ẹnu rẹ̀ wà ní àárín igi, nítorí náà ìlà yóò fi bíi mílímítà 3 àti ààbọ̀ jìnnà sí irin. Bó bá wá tẹ̀ síta, yóò yọ́ wọ abẹ́ sísọ́ọ̀sì. Ẹ yọ páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba tádà nínú báírò, òun ni kí ẹ fi yí i ká ní ìnàró. Kò nípọn, ìlà rẹ̀ yóò súnmọ́ irin. Kí ẹ wá gé e ní inú ìlà, kì í ṣe lórí rẹ̀.

Ọwọ́ sísọ́ọ̀sì ńlá kì í kan tábìlì. Ẹ gbé páálí ìṣáná ró, ẹ sún un kan etí ọwọ́ náà, kí ẹ fi àmì sí ibi tí ẹsẹ̀ páálí bá tẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ yíká, kí ẹ fa ìlà so àwọn àmì náà pọ̀. Ẹ má lo fóòmù bẹ́ẹ̀dì o, kò ní di sísọ́ọ̀sì mú.