Ẹ Bi Màmá Nọ́ọ̀sì

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Kúbwà l'Abuja ni mò ń gbé, aṣọ ni mò ń rán. Nígbà kónílé-ó-gbélé ọdún 2020, abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọmọ mi fò, torí a ò mọ̀ bóyá ilé ìwòsàn ṣí àbí kò ṣí. Ní báyìí, wọ́n ní ká wá sípàdé, ká sọ bá a ṣe fẹ́ kí ilé ìwòsàn àdúgbò wa máa ṣiṣẹ́. Ọkọ mi ní mai anguwa, ìyẹn olórí àdúgbò, àtàwọn àgbààgbà ló ni ìpàdé. Ṣé kí n lọ? — Aránṣọ, Kúbwà

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, kọ́kọ́ gbé káàdì ọmọ yẹn lọ bá nọ́ọ̀sì kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyẹn ò ní kí o dúró de ìpàdé kankan.

Ìpàdé náà ńkọ́? Lọ. Ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù, tó máa ń ṣe irú ìpàdé yìí, kì í ṣe ti àgbààgbà nìkan. Òfin ìlera ọdún 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán ìdá 1 nínú 100 owó àpò rẹ̀ fún ìlera, apá kan rẹ̀ sì ń dé àwọn ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé. Kí wọ́n tó ná an, wọ́n á kọ ètò oṣù mẹ́ta-mẹ́ta sílẹ̀ pẹ̀lú ará àdúgbò. Bèèrè ìwé yẹn. Ohun tí kò bá sí níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní ná kọ́bọ̀ lé e lórí.

Mo jókòó nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á pín ọtí ẹlẹ́rìndòdò, oníkálukú á ní “ẹ bá wa ṣe é dáadáa,” wọ́n á túká. Kí ni akọ̀wé fẹ́ rí kọ nínú “dáadáa”? Ìwọ sọ pé: “Bí wọ́n bá tún sé wa mọ́lé, a fẹ́ nọ́ńbà kan tá a lè pè láti mọ ọjọ́ abẹ́rẹ́. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri àti ẹ̀yìn káàdì ọmọ. Ẹ fi owó káàdì fóònù náà sínú ètò.” Dúró kó kọ ọ́ tán, kí o ní kó kà á sókè.

Má dá lọ o. Mú aládùúgbò yín tó jẹ́ Gbagyi, àwọn onílẹ̀ Kúbwà, àti ẹnìkan tó jẹ́ Hausa dání. Bó bá jẹ́ ẹnu Yorùbá nìkan ló sọ ọ́, wọ́n lè ní ọ̀rọ̀ àlejò ni. Bó bá sì jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ ọjà ni wọ́n fi ìpàdé sí, ẹ ní kí wọ́n sún un sí ìrọ̀lẹ́. Aago ìpàdé ló ń lé obìnrin sẹ́yìn ju ọkọ lọ, kí n má purọ́.

Nípàdé tó bá tẹ̀ lé e, kí wọ́n ka àkọsílẹ̀ ti tẹ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mú ọ̀rọ̀ tuntun wá.